Oòrùn Kétu Kọ́ Ló Ń Ràn ní Atakpamé

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Notsé bọ̀ láti gúúsù ilẹ̀ Tógò yóò kọ́kọ́ rí òkè kí ó tó rí ìlú. Atakpamé kò tẹ́jú bí Kétu tiwa. Orí òkè àti àárín òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí, débi tí wọ́n fi ń pè é ní ìlú olókè méje. Bí ènìyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé kan, òrùlé páànù ilé kejì ni yóò máa wò nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwa mẹ́fà láti Kétu, olùkọ́ mẹ́ta àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́ta, gbà kọjá nínú oṣù Kẹjọ ọdún kan, tí ẹrù kún inú ọkọ̀ wa dé òrùlé. Abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú náà ni à ń lọ, láti ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tí a fẹ́ rò fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ni bí àwọn ẹ̀rọ tí a gbẹ́kẹ̀ lé ṣe já wa kulẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ohun tí ó ṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́ nígbà tí gbogbo wọn dákẹ́.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ló gbé ọmọ Kétu dé orí òkè Tógò. Etí ni ìdáhùn rẹ̀ wà. Àwọn ènìyàn tí ń jẹ́ Ifẹ̀, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Ana, ń gbé ní Atakpamé àti ní àwọn abúlé tí ó yí i ká. Ìtàn àwọn baba wọn sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣí wá. Ọmọ Kétu tí ó bá jókòó tì wọ́n kì í gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kí ó tó máa di ọ̀rọ̀ mú níkọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ó ń dá ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀ nínú òkùnkùn. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ wọn nílé ẹ̀kọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fi kọ́ àwa náà. Nígbà tí ìjọba Tógò tún ètò ẹ̀kọ́ ṣe ní 1975, èdè Ewe àti Kabiyè ni wọ́n yàn láti máa kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Faransé. Ifẹ̀ kò sí nínú méjèèjì. Lóòótọ́, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún aráyé, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò pa pọ̀, inú gbogbo wa sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n kò sí àjọ kankan lágbàáyé tí yóò bá wa pa àlọ́ fún àwọn ọmọ wa lálẹ́.

Ìdí nìyí tí a fi pinnu iṣẹ́ méjì. Ní òwúrọ̀, a ó kọ́ àwọn ọmọ tí ó wà ní ìsinmi ní ìṣirò àti èdè Faransé. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn àgbà yóò pa àlọ́, a ó gba ohùn wọn sílẹ̀, a ó kọ ọ́ ní èdè Ifẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ olùkọ́ kan tí ó jẹ́ ọmọ abúlé náà, a ó sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé kékeré kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò mú ìwé kan lọ sílé. Àgbàlá Baálẹ̀ ni a ti ṣe ìlérí yìí, níṣojú àwọn òbí. A kò sọ pé bí ó bá ṣeé ṣe. A ní a ó ṣe é.

Ọ̀nà wa láti Kétu gba Bohicon, Azové àti Aplahoué kọjá, a sì wọ Tógò ní Tohoun. Kí a tó dé Notsé, a gba orí afárá kọjá lórí odò Mono. Odò yìí kan náà ni wọ́n sé ní Nangbéto láti pèsè iná mànàmáná. Láti 1987 ni ilé iṣẹ́ iná yẹn ti ń ṣiṣẹ́, agbára rẹ̀ jẹ́ megawatt 65, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n sì jọ ni ín. Abúlé tí à ń lọ kò jìnnà sí i púpọ̀, síbẹ̀ okùn iná kò tíì dé ibẹ̀. A mọ èyí tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi gbé iná tiwa dání: pátákó oòrùn kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ watt 100, bátìrì ńlá kan, ẹ̀rọ tí ń sọ iná bátìrì di iná ilé, kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì, ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán sára ògiri, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan.

A kì í ṣe aláìmòye. Olùkọ́ ìṣirò wà nínú wa, ó sì ti ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí oòrùn bá ràn dáadáa fún wákàtí márùn-ún, pátákó wa yóò mú watt-wákàtí 500 wọlé. Bátìrì wa jẹ́ volt 12 àti ampere-wákàtí 100, èyí tí í ṣe watt-wákàtí 1200. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kí irú bátìrì olójé bẹ́ẹ̀ pẹ́ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kí ó tó tún un kún, nítorí náà 600 ni tiwa. Ẹ̀rọ àwòrán yóò jẹ 400 fún wákàtí méjì, ìyókù yóò jẹ́ ti kọ̀ǹpútà àti ohun kéékèèké. Ohun tí ó ń wọlé bá ohun tí ó ń jáde dọ́gba. A sì ti dán gbogbo rẹ̀ wò ní Kétu fún odidi ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Kejì, kò sì sí ọjọ́ kan tí iná kú.

Oṣù Kejì. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Nínú oṣù Kejì ojú ọ̀run Kétu a máa mọ́ kedere, oòrùn a sì máa jó ni lórí. A rántí pé òjò máa ń sinmi díẹ̀ ní Kétu nínú oṣù Kẹjọ, a wá rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n àwọn òkè Atakpamé ń fa òjò mọ́ra. Oṣù Keje, oṣù Kẹjọ àti oṣù Kẹsàn-án ni òjò ń rọ̀ níbẹ̀ jù. Ní ọjọ́ kejì tí a dé, ìkùukùu sọ̀ kalẹ̀ bo òkè bí aṣọ, a kò sì rí ojú oòrùn gidi mọ́ fún ọjọ́ mẹ́jọ.

Pátákó wa kò ju ìdá márùn-ún iṣẹ́ rẹ̀ lọ lójúmọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì a ti jẹ kọjá ìdajì bátìrì. Ẹ̀rọ tí ń yí iná padà bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, èyí tí í ṣe ìkìlọ̀ pé ebi ń pa bátìrì. Nígbà tí ó bá súfèé tán, á pa ara rẹ̀. Àwọn ọmọ á wá pariwo, nítorí àwòrán ara ènìyàn tí à ń fi kọ́ wọn á parẹ́ lára ògiri. Àwa náà á pa á, á tún un tàn, á jí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á tún kú. Ìgbà mélòó ni a ṣe bẹ́ẹ̀? A kò kà á. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé bí a bá fi bátìrì olójé sílẹ̀ pẹ̀lú ebi fún ọjọ́ púpọ̀, nǹkan funfun kan á gbà á lára nínú, á le mọ́ ojé rẹ̀ lára, kò sì ní lè gba iná mọ́. Ọwọ́ ara wa ni a fi pa á.

Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan yá wa ní ẹ̀rọ amúnáwá ilé wọn, èyí tí a ń pè ní *groupe*. Inú wa dùn. A ra epo, a so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ ọn láti fi ojú ìwé àkọ́kọ́ dán an wò. Ìró ẹ̀rọ amúnáwá náà ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, gílóòbù sì ń mọ́lẹ̀ gan-an, ó tún ń ṣe bàìbàì. Kí a tó sọ pé kí wọ́n yọ wáyà, a gbọ́ òórùn nǹkan tí ó ń jó. Èéfín tín-ín-rín yọ lẹ́yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó sì parí.

Ọkùnrin tí ó ni ẹ̀rọ ìlọ-àgbàdo lábúlé náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó mi orí. Ó ní, "Gbogbo wa la mọ̀ pé *groupe* yẹn kì í dúró sójú kan. Ó ti ba tẹlifísàn kan jẹ́ rí." A bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún wa. Ó fi sùúrù dáhùn pé, "Ẹ kò bi wá. Ẹ̀yin lẹ gbé ẹ̀rọ wá, àwa rò pé ẹ mọ̀ ọ́n ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wá lára ju iná tí ó jó ẹ̀rọ lọ. Àwọn àgbà ní bí ó ti wù kí ojú àlejò tóbi tó, kì í fi í ríran. Ṣùgbọ́n wọn kò ní kí àlejò má ní ẹnu. A ti wà ní abúlé náà fún ọjọ́ mẹ́wàá, a ti kí gbogbo ènìyàn, a ti jẹun wọn, a ti kọ́ ọmọ wọn, a kò sì tíì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wọn tí ó kan iṣẹ́ wa. A kò bi àgbẹ̀ léèrè nípa òjò. A kò bi ẹlẹ́rọ léèrè nípa iná.

Àfi bí ẹni pé ìyà yẹn kò tíì tó, alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni Ìyá àgbà yóò pa àlọ́ kẹta fún wa. Gbogbo abúlé ni ń pe ìyá náà bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó dùn, bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ orin, àwọn ọmọ kì í dúró kí ó sọ pé kí wọ́n gbè é. Àlọ́ ọmọ òrukàn ni ó pa, èyí tí ìyàwó baba rẹ̀ rán lọ fọ igbá ní odò jíjìn. Ó gùn, orin mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, òjò sì ń rọ̀ lórí páànù bí ó ti ń pa á lọ. Nígbà tí ó parí, a mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn. Láti ara bátìrì ńlá wa ni ó ti ń gba iná, kò sì yó ní ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti kú láàárín àlọ́. Nígbà tí a rí iná fún un lẹ́yìn náà, ohun tí ó gbà sílẹ̀ kọ̀, kò ṣí.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀rọ wa kò gbọ́ ọ." Ìyá wò ó títí. Ó ní, "Ṣé ẹ̀rọ yín ni mo ń pa àlọ́ fún, àbí ẹ̀yin?" Ó dìde, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní òun kì í pa àlọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ ọjọ́ kan, kí àwọn tí ó ní etí lọ kó o jọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, méjì nínú wa gbé bátìrì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ sí Atakpamé, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ọjà. Kò fi ọwọ́ kan ohunkóhun kí ó tó bi wá ní ìbéèrè. Ìgbà wo ni ẹ ti ń lò ó? Ilé ta ni ẹ ti so ó mọ́ iná? Oṣù wo ni ẹ dán an wò? Nígbà tí a dáhùn èyí tí ó kẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Oòrùn Kétu kọ́ ló ń ràn ní Atakpamé." Ó fi ẹ̀rọ ìwọná kan bátìrì náà. Bátìrì tí ó yó dáadáa máa ń fi nǹkan bí volt 12.7 hàn. Tiwa fi 10.4 hàn. Ó ní kí a má fi owó wá a mọ́. Ní ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, pátákó inú rẹ̀ tí ń gba iná ti jó, kò sì sí irú rẹ̀ nítòsí. Ó bá wa fi iná sí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ó yá wa ní bátìrì ọkọ̀ kékeré kan fún gílóòbù alẹ́, owó tí ó sì gbà kò tó iye tí a ná lórí epo.

Bí a ti ń padà, awakọ̀ wa ní kí a yà wo Kamina. Kò jìnnà sí ìlú. Inú koríko ni àwókù náà wà, ògiri tí ó wó àti irin tí ó ti dípẹtà. Àwọn ará Jámánì, tí wọ́n ń ṣàkóso Tógò nígbà náà, ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ rédíò ńlá síbẹ̀ láti 1911, pẹ̀lú àwọn òpó irin tí gíga wọn ju mítà 70 lọ, kí Tógò lè máa bá Nauen tí ó wà lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀ láìsí wáyà. Ní 1914 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ogun dé nínú oṣù Kẹjọ ọdún náà. Nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ń súnmọ́ tòsí, ní òru ọjọ́ 24 mọ́ ọjọ́ 25, àwọn tí wọ́n kọ́ ọ ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn bà á jẹ́. Ọjọ́ 26 ni wọ́n juwọ́ sílẹ̀. Gbogbo ìnáwó yẹn, gbogbo ẹrù tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà rù, oṣù díẹ̀ péré ni ó fi sọ̀rọ̀.

A kò sọ pé ẹ̀rọ kò dára. Oṣù Kẹjọ ni ti àwa náà, a dúró sínú koríko yẹn pẹ̀lú bátìrì tí a fúnra wa pa, a sì ronú nípa ìyá kan tí kò ní òpó irin, tí àlọ́ rẹ̀ ti kọjá lẹ́nu ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ kí ó tó dé etí wa. Èyí tí ó sọnù lálẹ́ àná, ọmọ 34 ni wọ́n jókòó tí wọ́n gbọ́ ọ.

A padà sí abúlé, a kó àwọn ọmọ jọ, a ní kí ẹnikẹ́ni tí ó bá rántí apá kan sọ ọ́. Ariyanjiyan bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ẹni mẹ́ta ni ọmọ òrukàn náà bá pàdé lójú ọ̀nà, àwọn kan ní mẹ́rin. Ọmọbìnrin kékeré kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì ló rántí orin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìfo ọ̀rọ̀ kan. Olùkọ́ abúlé ń kọ ọ́ sára pátákó, à ń pa á rẹ́, à ń tún un kọ. Ní ìrọ̀lẹ́ a kà á fún Ìyá àgbà. Ó gbọ́ ọ tán, ó tún ibi méjì ṣe. Ẹni mẹ́ta ni, kì í ṣe mẹ́rin. Arúgbó etí odò kò sì kan ní kí ọmọ náà fọ ẹ̀yìn òun, ó kọ́kọ́ bi í ní orúkọ rẹ̀. "Ẹ má fo ìyẹn," ni ó wí. "Ọmọ òrukàn ni. Kò sí ẹni tí ó ti bi í ní orúkọ rẹ̀ rí."

A ti kó ìwé àjákọ wá láti fi ṣe ẹ̀bùn. A pín in fún àwọn ọmọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ da àlọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ, fún ọjọ́ márùn-ún. Méjì àkọ́kọ́ wà lórí ìwé lọ́dọ̀ wa, ẹ̀kẹta wà lórí pátákó. Wọ́n ya àwòrán sí ẹ̀yìn ìwé. Àwọn tí ó dàgbà ń tún ti àwọn kékeré ṣe. Ní ọjọ́ ìparí, ọmọ kọ̀ọ̀kan dìde, ó ka ojú ìwé kan níwájú baba àti ìyá rẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi bí i. A rí baba kan tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ rí, tí ó gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, tí ó sì ń fi ìka tọ àwọn lẹ́tà náà.

A rò pé Baálẹ̀ yóò yìn wá. Ó yìn wá lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n ìwé títẹ̀ ni ẹ ṣèlérí. Ìwé títẹ̀ yẹn ṣì kù lọ́rùn yín." Òtítọ́ ni ó sọ. Ìfẹ́ rere kì í san gbèsè. A tẹ̀ ẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, owó àpò wa ni a fi san án, a sì gbé e lọ nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí ọyẹ́ ti dé. Ìyá àgbà fi ìwé náà sí itan, inú rẹ̀ dùn. A ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tuntun lọ́wọ́, bátìrì rẹ̀ yó, òmíràn sì wà nínú àpò. Ṣùgbọ́n ikọ́ ọyẹ́ ti gba ohùn rẹ̀, kò lè kọrin. Ọmọbìnrin kékeré ọjọ́sí ni ó kọ orin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà, ìyá sì ń fi orí gbè é. Ohùn ọmọ náà ni ó wà lọ́dọ̀ wa lónìí. Ohùn ìyá ti alẹ́ òjò yẹn kò sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ tí ẹ ń múra láti lọ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ̀kọ́ tí a rà lówó gọbọi nìyí. Ẹ má dán ẹ̀rọ yín wò ní ilé nìkan. Ẹ kọ ìwé ránṣẹ́ ṣáájú sí àwọn tí ẹ ń lọ bá, kí ẹ béèrè bí òjò wọn ṣe ń rọ̀, ta ni ó ní iná, ta ni ó ń tún ẹ̀rọ ṣe nítòsí, kí ni ó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn rí. Ẹ jẹ́ kí ohun tí ń wọlé ju ohun tí ń jáde lọ ní ìlọ́po méjì. Bí ẹ̀rọ bá súfèé, ẹ pa á, kí ẹ má tún un tàn. Ẹ má so ẹ̀rọ olówó ńlá mọ́ iná àjèjì láìkọ́kọ́ fi gílóòbù lásán wò ó. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa fi bírò kọ ohun tí ẹ̀rọ ń gbà sílẹ̀, ní alẹ́ kan náà. Ẹ má sì ṣèlérí níṣojú àwọn òbí ju ohun tí ọwọ́ òfìfo yín lè ṣe lọ.

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Láti ìgbà yẹn, kí a tó gbé ohunkóhun sínú ọkọ̀, ọkùnrin tí ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ọjà Atakpamé ni à ń kọ́kọ́ pè. A máa ń bi í pé báwo ni oòrùn. Ó máa ń rẹ́rìn-ín kí ó tó dáhùn.